Ẹ́ńjìnnì Tí Wọ́n Dí Nímú

Ẹ kò ní gbà mí gbọ́. Mo ti mọ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ìyàwó mi pàápàá, tó ti ń gbọ́ ìtàn mi láti ìgbà tí mo ti ń tẹ̀ lé e kiri, kò gbà mí gbọ́. Bí mo bá ní àpò láílọ́ọ̀nù píọ́wọ́tà kan, tí ẹnì kan ti mu omi inú rẹ̀ tán tó sì jù ú sílẹ̀, ni ó gbèjà mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ ó ní ọ̀gbẹ́ni yìí ti tún dé. Ẹ ṣáà jókòó. Bí mo bá parí tí ẹ kò tíì gbà, kò burú, ẹ ó ti rẹ́rìn-ín.

Kétu ni ilé mi, lọ́hùn-ún, ní òdìkejì bọ́dà, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ẹni tó bá ti ń retí yìnyín àti kóòtù ńlá nínú ìtàn yìí, kó má bínú sí mi. Òkè òkun tèmi kò ní òkun. Ìjẹ̀bú-Igbó ni òkè òkun tèmi. Kò sí yìnyín níbẹ̀, ṣùgbọ́n gààrí wà níbẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mu ún, ó kan débi pé ojú mi pa dé fúnra rẹ̀, onílé mi sì rò pé àdúrà ni mò ń gbà. Ó ní, "Àmín o."

Ohun tí mo rò ni pé Yorùbá ni mí, Yorùbá ni wọ́n, kí ló tún kù? Mo dé ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń ta kẹrosíìnì, ó wò mí lójú, ó ní, "Kírun?" Mo ní rárá, èmi kọ́ ni Kírun. Ó pe aládùúgbò rẹ̀, aládùúgbò pe ọmọ rẹ̀, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí mo fi gbàgbé pé kẹrosíìnì ni mo wá rà. Ẹ̀yìn náà ni mo tó mọ̀ pé "kí ni" ló ń bi mí. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè mí ní Kútọnù. Mo ṣàlàyé pé Kétu kì í ṣe Kútọnù, pé ọ̀nà rẹ̀ jìn. Wọ́n ní, "Ó dáa, Kútọnù, a ti gbọ́."

Yàrá kan ni mo gbà ní Japara, nítòsí ilé ìlagi. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ayùn á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, eruku igi á gba ojú fèrèsé wọlé, á bà sórí ibùsùn mi, á bà sínú ìkòkò mi. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi nípa ìdáwà ni pé kì í ṣe ìgbà tí ibi gbogbo bá dákẹ́ ló máa ń dé. Ìgbà tí gbogbo ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ ló ń dé, tí wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn, tí wọ́n ń pe orúkọ bàbá ara wọn, tí kò sì sí ẹni tó mọ orúkọ bàbá tìrẹ láti fi bú ọ. Wọ́n máa ń bọ̀wọ̀ fún mi níbẹ̀. Wọ́n á fún mi ní ìjókòó, wọ́n á ní "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, àlejò." Ọ̀wọ̀ náà ń pa mí díẹ̀díẹ̀.

Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni mo kọ́, mo kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́, èdè Faransé ni wọ́n sì fi kọ́ wa. Gbogbo orúkọ irin tí mo mọ̀ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni ní ọgbà mẹkáníìkì Ìjẹ̀bú-Igbó. Bí mo bá pe irin kan bí a ṣe ń pè é nílé, Ráṣídì, tí ẹnu rẹ̀ mú ju ayùn ilé ìlagi lọ, á ní, "Ẹ gbọ́ o, Kútọnù ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọfọ̀."

Òfin kan wà nínú ọgbà náà. Àlejò kò gbọdọ̀ ṣí bónẹ́ẹ̀tì lórúkọ ara rẹ̀. Ó lè bá ẹlòmíràn di irin mú, ó lè wọ abẹ́ ọkọ̀, ó lè fọ irin nínú pẹtiróòlù títí ọwọ́ rẹ̀ á fi bó. Bí ó bá fẹ́ àyè tirẹ̀, wọ́n á fún un ní ọkọ̀ kan tó ti sú gbogbo ọgbà, wọ́n á sì ní kó ṣe é lójú gbogbo ayé kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò gbọdọ̀ pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá ṣe é, ó di ọmọ ọgbà. Bí kò bá ṣe é, kó di ẹrù rẹ̀, kó wá ìlú mìíràn lọ. Alàájì ni olórí ọgbà, òun ló ń pín àyè. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó gan-an ni, bàbá rẹ̀ gé igi, bàbá bàbá rẹ̀ gé igi, òun nìkan ló fi igi sílẹ̀ lọ sídìí irin. Nínú mọ́sálásí, ejìká sí ejìká ni èmi àti rẹ̀ ń dúró kírun. Bí a bá ti wọ bàtà wa tán, mo tún di Kútọnù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó mi pè mí lórí fóònù.

"Bàbá Káfílà, ṣé wọ́n ti fún yín láyè?"

"Ó kù díẹ̀."

"Ó kù díẹ̀ lẹ sọ nígbà tí a gbin àgbàdo. A ti jẹ ẹ́ tán báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi ní ilẹ̀ wà tí ẹ lè fi ṣoko. Bí kò bá bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan yìí, ẹ máa bọ̀ nílé. N kò fẹ́ ọkọ tó jẹ́ ohùn lásán."

Mo ní mo gbọ́. Mo sì gbọ́ lóòótọ́. Ẹni tó bá ti gbé òkèèrè rí mọ̀ pé fóònù lè jẹ́ kí ilé súnmọ́ni tàbí kó jẹ́ kó jìn sí i, àti pé kì í ṣe ẹni tó ń pè ló ń pinnu èwo ni yóò jẹ́.

Bọ́ọ̀sì Ìyá Aládùúrà ni wọ́n fún mi.

Ìyá Aládùúrà ni obìnrin tó ni bọ́ọ̀sì tó ń ná Ìjẹ̀bú-Igbó sí Abigi, lápá Wọ́tásáìdì. Àwọn tó ń ra ẹja létí omi ló ń kó lọ, wọ́n sì ń bá a padà tàwọn ti ẹja. Ọkọ̀ náà ń da ọ́ìlì. Ibi tó bá dúró, ilẹ̀ ibẹ̀ á dúdú. Wọ́n ti pààrọ̀ gbogbo rọ́bà tó ń di ọ́ìlì mú nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, wọ́n tún pààrọ̀ wọn, ó tún ń jò. Irin gbọọrọ tí a fi ń wo ìwọ̀n ọ́ìlì á ta yọ fúnra rẹ̀ lórí ìrìn bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Ọ́ìlì á kán sórí irin gbígbóná, èéfín á kún inú ọkọ̀, àwọn èrò á máa wúkọ́ láti Òrù títí dé etí omi.

"Mo ti gbàdúrà sí i," Ìyá Aládùúrà sọ fún mi ní àárọ̀ ọjọ́ náà, pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀ lọ́rùn àti ẹsẹ̀ lásán. "Mo tan àbẹ́là yí i ká. Ọlọ́run ní kí n lọ wá mẹkáníìkì."

"Rín-ìn-gì ti jẹ," Ráṣídì ní. "Kútọnù, má da ara rẹ láàmú. Lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ."

"Kí ẹ́ńjìnnì yìí lọ sinmi ni," Alàájì ní láti orí àga rẹ̀. "Mo ti sọ fún Ìyá kó ra òmíràn. Wọn kì í gbọ́."

Mo ní kí wọ́n ta iná sí i. Ó gbá lẹ́ẹ̀kan náà, kò ṣe họ́họ́. Mo lọ sẹ́yìn, mo wo ẹnu ibi tí èéfín ń gbà jáde: èéfín aró, irú èyí tó máa ń jáde bí ọ́ìlì bá ń jó mọ́ epo, kò sí níbẹ̀ rárá. Mo bi Ìyá bóyá ọkọ̀ máa ń gun òkè bí ó bá kún. Ó ní, "Á gùn ún bí ewúrẹ́. Ọ́ìlì nìkan ni ìyọnu rẹ̀." Rín-ìn-gì ni òrùka irin tí kì í jẹ́ kí agbára epo tó ń jó sá wálẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí rín-ìn-gì rẹ̀ jẹ kì í gun òkè bí ewúrẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kò ní pẹ́. Ẹ́ńjìnnì ń mí bí ènìyàn. Nínú ikùn rẹ̀ nísàlẹ̀, níbi tí ọ́ìlì ń gbé, afẹ́fẹ́ gbígbóná díẹ̀ máa ń yọ́ wọ ibẹ̀ láti òkè níbi tí epo ti ń jó. Kò sí ẹ́ńjìnnì tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, tuntun tàbí ògbólógbòó. Afẹ́fẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Fáàfù kékeré kan, tí kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ, wà lórí ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ́ kó jáde, kí ó padà lọ jó mọ́ epo. Rọ́bà kan sì wà lápá kejì, tí wọ́n ń pè ní bíríídà, tó ń mú afẹ́fẹ́ tútù wọlé láti ibi tí a ti ń sẹ́ eruku. Ọ̀kan ń mí sínú, ọ̀kan ń mí síta. Bí o bá dí wọn, ikùn á wú, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi tipátipá ti ọ́ìlì jáde níbikíbi tó bá ti rí ihò. O lè pààrọ̀ rọ́bà títí ayé, ńṣe ni yóò máa tì í jáde.

Wọ́n paná, mo tẹ̀ lé rọ́bà bíríídà náà láti òkè wálẹ̀ pẹ̀lú ìka mi. Bí mo ṣe yọ ọ́ kúrò níbi tó so mọ́, ọwọ́ mi dúró. Èdídí kan wà lẹ́nu rẹ̀. Igi ni. Ìrókò, wọ́n gbẹ́ ẹ róbótó, wọ́n fá a títí ó fi ń dán, ó sì há mọ́ ibẹ̀ bí eyín há mọ́ erìgì.

Ìlú igi ni Ìjẹ̀bú-Igbó. Níbi tí àwọn mẹkáníìkì ìlú mìíràn á ti fi àkísà tàbí bóòtù dí ihò, igi ni wọ́n ń fi dí i níbí. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń gbẹ́ ẹ tó ń dán bẹ́ẹ̀. Alàájì máa ń ṣa àjákù nílé ìlagi, á jókòó pẹ̀lú ọ̀bẹ kékeré rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àsárì, á máa gbẹ́ èdídí bí ìyá àgbà ṣe ń hun agbọ̀n. Gbogbo ọgbà ló ń fi iṣẹ́ rẹ̀ yangàn.

Mo gbé orí sókè. Alàájì ń wò mí. Ẹni tó ń pín àyè, èdídí rẹ̀ ni mo rí lẹ́nu ẹ́ńjìnnì. Bí mo bá dákẹ́, ọkọ̀ á máa jò, èmi á sì lọ sílé. Bí mo bá sọ ọ́, ó ṣeé ṣe kí n tún lọ sílé, kí n sì ti dójú ti àgbàlagbà lójú àwọn tó lè bí lọ́mọ. Mo wẹ̀yìn, mo rí àpò píọ́wọ́tà nílẹ̀.

Mo mú un, mo ya ẹnu rẹ̀, mo fà á bo ihò tí a ń gbà da ọ́ìlì sínú ẹ́ńjìnnì, mo sì fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ so ó yíká. Gbogbo wọn sún mọ́ tòsí. Mo ní kí wọ́n ta iná sí ọkọ̀. Àpò náà dìde. Ó wú, ó wú sí i, ó dúró ṣánṣán.

"Yé!" Ráṣídì pariwo. "Ọkọ̀ Ìyá Aládùúrà ti lóyún!"

"Lórúkọ Jésù, kì í ṣe nínú ọkọ̀ mi," Ìyá ní.

Àpò náà bẹ́ gbàà! Ọkùnrin méjì forí gbá bónẹ́ẹ̀tì. Ọ́ìlì fọ́n sí mi lójú, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí Alàájì fi gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ̀yin náà rí i," ó ní. "Afẹ́fẹ́ ti kún inú ẹ́ńjìnnì. Rín-ìn-gì ni. Kí ni mo sọ?"

"Alàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ èdídí kan níbí."



"Èmi ni mo fi síbẹ̀."

"Mo mọ̀, bàbá. Ta ló tún lè gbẹ́ igi báyìí? Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè fọwọ́ mi kàn án."

Ẹnì kan fi ọwọ́ bo ẹ̀rín. Alàájì dìde wá. Ó tẹ̀ sórí ẹ́ńjìnnì. "Ṣé o mọ ìdí tí mo fi dí i?"

"Ọ́ìlì ń gba ibẹ̀ tú sí ibi tí a ti ń sẹ́ eruku, ó ń ba ibẹ̀ jẹ́."

"Ẹn-ẹ́n. Ṣé irọ́ ni?"

"Òótọ́ ni. Kò sì yẹ kí ọ́ìlì gba ibẹ̀. Ẹ ti dá ọ́ìlì dúró, bàbá. Ẹ jẹ́ ká jọ wá ẹni tó ń lé e."

N kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Bóyá láti ara gààrí ni. Alàájì wò mí títí, lẹ́yìn náà ó di èdídí rẹ̀ mú, ó yí i, ó fà á yọ. Ẹ́ńjìnnì náà tú èémí olóòórùn ọ́ìlì jáde bí ẹni tó ti ń pa ìkọ́ mọ́ra nínú ìwàásù.

Mo ní kí wọ́n paná. Mo yọ fáàfù kékeré tó wà lórí ẹ́ńjìnnì, mo nà án sí i. "Ẹ mì ín létí yín."

Ó mì ín. Ó tún mì ín. "Kò sọ nǹkan kan."

"Ó yẹ kó máa sọ̀rọ̀. Irin kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó yẹ kó máa lọ, kó máa bọ̀."

Mo jù ú sínú pẹtiróòlù. Ẹrẹ̀ dúdú jáde láti inú rẹ̀, mo fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ tú u, mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo tún fi lé Alàájì lọ́wọ́. Ó gbé e sétí. Kọ́-kọ́-kọ́, bí ẹ̀pà tó gbẹ nínú èèpo rẹ̀. Ó gbé e sí etí kejì, bóyá etí àkọ́kọ́ ń purọ́ fún un. Lẹ́yìn náà, ó gbé e sétí Ráṣídì, ó mì ín níbẹ̀. Ráṣídì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún fúnra rẹ̀ mì ín.

A so gbogbo rẹ̀ padà, rọ́bà bíríídà sí ibi tirẹ̀ láìsí igi lẹ́nu. Wọ́n ta iná sí i. Mo fi àpò píọ́wọ́tà mìíràn bo ihò ọ́ìlì. Àpò náà kò dìde. Ó rọra wọlé, ó lẹ̀ mọ́ ihò náà bí ọmọ tó ń mu ọmú.

"Rín-ìn-gì ńkọ́?" Alàájì béèrè.

"Bí rín-ìn-gì bá ti jẹ, afẹ́fẹ́ á pọ̀ ju ohun tí fáàfù yìí lè fà lọ. Àpò ì bá ṣì máa wú."

Mo wọ abẹ́ ọkọ̀, mo ti rọ́bà kan tí ọ́ìlì ti lé kúrò láyè rẹ̀ padà, mo nu gbogbo ikùn ẹ́ńjìnnì mọ́ tónítóní. Lẹ́yìn náà a wọkọ̀, èmi, Alàájì, Ìyá Aládùúrà, Ráṣídì àti ẹnikẹ́ni tó bá ti rí ẹsẹ̀ gbé wọlé. A gba Òrù kọjá lọ sí Àgọ́-Ìwòyè, a gun gbogbo òkè, àwọn ọmọ yunifásítì ń na ọwọ́ sí wa pé kí á gbé wọn. Kò sẹ́ni tó wúkọ́. Irin ìwọ̀n ọ́ìlì jókòó sí ipò rẹ̀. Nígbà tí a ń kọjá ní Òrù, Alàájì nawọ́ sí apá kan, ó ní ibẹ̀ ni àwọn tí ogun lé kúrò ní ìlú wọn gbé nígbà kan. Ó ní ọ̀pọ̀ wọn lọ, àwọn kan kò lọ. Ó ní àwọn tí kò lọ ń sọ Ìjẹ̀bú dáadáa nísinsìnyí. Mo ronú lórí àwọn tí kò lọ yẹn: ọjọ́ wo gan-an ni ènìyàn ń dẹ́kun jíjẹ́ ẹni tó wá? Ṣé ẹnì kan ń sọ fún un ni, àbí ó kàn máa ń jí lọ́jọ́ kan tí ó sì ti rí bẹ́ẹ̀?

Bí a ṣe padà dé ọgbà, Ìyá Aládùúrà bọ́ aṣọ funfun rẹ̀ tó wọ̀ lé ìró àti bùbá, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ lábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Àwọn ènìyàn ké "Há!"

"Ẹ fi í sílẹ̀," ó ní. "Bí ó bá kán, a jẹ́ pé irọ́ ni Kútọnù pa. Bí kò bá kán, mo máa wọ̀ ọ́ lọ sí ìsìn."

A dúró títí wọ́n fi pe ìrun, a lọ kírun, a padà. Ìyá fa aṣọ náà jáde, ó nà án sókè sí oòrùn. Ó funfun báláú. Alàájì wọ gíláàsì rẹ̀, ó yẹ aṣọ náà wò láti òkè dé ilẹ̀, títí ó fi rí àmì kékeré kan.

"Kí lèyí?"

"Ọbẹ̀ ni," Ìyá ní. "Láti ọjọ́ Ìsinmi."

Ariwo sọ. Wọ́n gbé mi sókè, Ráṣídì gbá mi lẹ́yìn bí ẹni tó ń gbọn ẹní, Ìyá sì ń kọrin. Ìgbà tí wọ́n gbé mi sílẹ̀ ni mo wá Alàájì. Ó ti lọ. Kò sọ pé mo yege, kò sọ pé n kò yege.

Mo pe ìyàwó mi kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná.

"Wọ́n ti fún yín láyè?"

"Mo ti tún ọkọ̀ náà ṣe. Àpò píọ́wọ́tà ni mo fi ṣe é."

"Bàbá Káfílà, mo ní ṣé wọ́n ti fún yín láyè?"

"Ọ̀gá kò sọ nǹkan kan."

"A jẹ́ pé kí n ní kí ẹ̀gbọ́n mi má tíì ta ilẹ̀ náà," ó ní.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo pẹ́ lórí ibùsùn. Ayùn ti ń ké kí n tó dìde. N kò kánjú. Ìgbàkígbà tó bá wù mí ni mo máa ń dé ọgbà, ẹnikẹ́ni kì í bá àlejò wí pé ó pẹ́. Mo dé ẹnu ọ̀nà, gbogbo wọn ti gbá ilẹ̀ tán. Ráṣídì fi ìgbálẹ̀ tọ́ka sí mi.

"Ẹ wò ó! Oòrùn ti dé orí, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀! Ta lo fẹ́ kó gbá ilẹ̀ fún ọ, bàbá rẹ?"

Mo dúró. Mo wo Alàájì lórí àga rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ ọgbà tó bá pẹ́ dé, omi ni yóò pọn," ó ní. "Àwọn dírọ́ọ̀mù yẹn. Gbogbo wọn. Ìgbà tí o bá pọn ọ́n tán ni Ráṣídì á tó fi ibi tí wàá máa dúró hàn ọ́. Bí o bá tún pẹ́ lọ́la, wàá tún pọn. Ṣé ó yé ọ?"

"Ó yé mi, bàbá."

Mo gbé korobá, mo kọrí sí kànga. Mo pọn, mo dà, mo tún lọ. Omi ń dà sí mi lára, bàtà mi ti di ẹrẹ̀, mo sì ń rẹ́rìn-ín kiri bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Bàbá kan tó ń gba ọ̀nà kọjá dá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dúró, ó bi mí pé kí ló dé.

Mo ní, "Ìyà ni wọ́n fi ń jẹ mí, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bá mi dúpẹ́."